Orúnkún tó ń dunni, ọwọ́ tó ń kú: kí ló ń ṣe àwọn tó padà sídìí kẹ̀kẹ́ ológeere ní Ògbómọ̀ṣọ́?

Kó tó di ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023, tí Ààrẹ Bọ́lá Tinubu kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti dópin, lítà bẹntiróò kan kò tó igba náírà. Nígbà tí yóò fi di oṣù Kẹwàá ọdún 2024, ó ti lé ní ẹgbẹ̀rún kan náírà. Owó ọ̀kadà àti ti Márúwá tẹ̀lé e lọ sókè, àwọn kan ní Ògbómọ̀ṣọ́ sì lọ gbọn eruku kúrò lára kẹ̀kẹ́ ológeere tí wọ́n ti gbé ti ògiri láti ọjọ́ pípẹ́. Akẹ́kọ̀ọ́ LAUTECH wà nínú wọn, tíṣà wà níbẹ̀, àgbẹ̀ tó ń gba ọ̀nà Ìkòyí lọ sóko wà níbẹ̀, àwọn tó ń fi gígùn rẹ̀ ṣe eré ìdárayá láàárọ̀ Sátidé náà sì ń pọ̀ sí i.

Ọ̀rọ̀ tó wá gba ẹnu àwọn èèyàn báyìí kì í ṣe ti owó epo mọ́, ti orúnkún ni. Lórí WhatsApp, ẹnìkan á ní kẹ̀kẹ́ ń jẹ eegun orúnkún, òmíràn á ní làkúrègbé ló ń fà á, ẹlòmíràn á sì kìlọ̀ fún àwọn ọkùnrin pé ìjókòó kẹ̀kẹ́ ń pa agbára wọn. Òótọ́ díẹ̀díẹ̀ wà nínú èyí tó pọ̀ nínú ọ̀rọ̀ wọ̀nyí, ohun tó sì mú kí ó ṣòro láti já wọn nìyẹn.

Kí ni àwọn dókítà ń pè ní ìpalára àlòjù?

Ẹni tó ń gun kẹ̀kẹ́ lè fara pa lọ́nà méjì. Ti àkọ́kọ́ ni ti òjijì: táyà kó sí kòtò, ó ṣubú, apá kán. A mọ ọjọ́ tó ṣẹlẹ̀, a mọ ibi tó ti ṣẹlẹ̀. Ti èkejì kò ní ọjọ́. Orúnkún á kọ́kọ́ máa dunni díẹ̀ nígbà tí a bá ń gun òkè. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, á máa dunni lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú pẹ̀lú. Nígbẹ̀yìn, àtẹ̀gùn ilé lásán á di wàhálà. Èyí ni ìpalára àlòjù, òun sì ni ọ̀pọ̀ nínú ohun tí àwọn èèyàn ń ráhùn lé lórí lásìkò yìí.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ẹni tó bá ń rọra tẹ pẹ́dà yóò yí i ní bíi ọgọ́ta ìgbà láàrin ìṣẹ́jú kan. Láàrin wákàtí kan, ó ti di 3,600, fún ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Bó bá ń lo wákàtí méjì lójúmọ́ fún ọjọ́ márùn-ún, orúnkún kọ̀ọ̀kan ti ká, ó sì ti nà, ní 36,000 ìgbà lọ́sẹ̀. Àwọn tó ń sáré ìje kì í dúró sí ọgọ́ta o, wọ́n máa ń yí i ní 80 sí 100 ní ìṣẹ́jú. Nítorí náà, bí ìjókòó bá fi ìwọ̀nba kékeré lọ sílẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, ẹsẹ̀ yóò tún àṣìṣe kan náà ṣe ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà kí ọjọ́ Ìsinmi tó dé.

Ara ẹ̀dá ń tún ara rẹ̀ ṣe. Ohun tí iṣẹ́ bá fà ya díẹ̀ lọ́sàn-án, oúnjẹ àti oorun á tún un so, á tiẹ̀ mú un le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ìgbà tí yíya bá ń yá ju títúnṣe lọ ni ìrora ń bẹ̀rẹ̀. Iṣan itan tètè ń mọ́ iṣẹ́ tuntun lára, láàrin ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Okùn iṣan tó so ó mọ́ egungun lọ́ra púpọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó lè gbà á ní oṣù. Láàrin àkókò méjèèjì yìí ni ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ máa ń rò pé òun ti lágbára, tí á sì fi ìrìn kún ìrìn.

Ṣé òótọ́ ni pé kẹ̀kẹ́ ń ba orúnkún jẹ́?

Kẹ̀kẹ́ fúnra rẹ̀ kọ́. Àwọn dókítà tiẹ̀ máa ń ní kí ẹni tí orúnkún rẹ̀ ti ń gbó máa gun kẹ̀kẹ́, nítorí pé ìjókòó ló ń gbé ọ̀pọ̀ ìwọ̀n ara, ẹsẹ̀ kì í sì í gbá ilẹ̀ bíi ti ẹni tó ń sáré. Ìwádìí kan tí wọ́n gbé jáde ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2024 lórí èèyàn 2,607 rí i pé àwọn tó ti gun kẹ̀kẹ́ rí láyé wọn kì í sábà ní ìrora orúnkún tó àwọn tí kò gùn ún. Ìwádìí irú èyí kò lè fi hàn pé kẹ̀kẹ́ ló dáàbò bò wọ́n. Ó lè jẹ́ pé àwọn tí orúnkún wọn dára ló ń gun kẹ̀kẹ́. Ṣùgbọ́n kò bá ọ̀rọ̀ pé kẹ̀kẹ́ ń jẹ eegun mu.

Ohun tó ń ba orúnkún jẹ́ ni bí a ṣe ń gùn ún. Ibi tó ń dunni máa ń tọ́ka sí ohun tó fà á. Bó bá jẹ́ iwájú, ní àyíká ọmọrí orúnkún, ìjókòó tó rẹlẹ̀ jù tàbí pẹ́dà tó wúwo jù ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ fura sí, torí orúnkún ń ká jù nígbà tí agbára ń gba ibẹ̀ kọjá. Bó bá jẹ́ ẹ̀yìn orúnkún, ìjókòó ga jù, ẹsẹ̀ ń nà tán kó tó kan pẹ́dà. Bó bá jẹ́ ẹ̀gbẹ́ ìta, ó lè jẹ́ pé ìdí ń mì sọ́tùn-ún sósì nítorí ìjókòó tó ga, tàbí pé ọmọ ìka ẹsẹ̀ dojú kọ inú lórí pẹ́dà.

Ní ìlú tiwa, ìjókòó tó rẹlẹ̀ ló wọ́pọ̀ jù, ìdí rẹ̀ kò sì farasin. Ẹni tó ń gba Tákíè kọjá láàrin ọ̀kadà, Márúwá àti àwọn tó ń pàtẹ létí títì fẹ́ kí ẹsẹ̀ òun méjèèjì lè balẹ̀ kíá. Ó wá sọ ìjókòó kalẹ̀ títí àtẹ́lẹsẹ̀ fi kan ilẹ̀ pátápátá. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀, orúnkún rẹ̀ ló ń san owó rẹ̀. Òmíràn kò tiẹ̀ yàn án bẹ́ẹ̀: kẹ̀kẹ́ tòkunbọ̀ ló rà, ó wo owó, kò wo ìwọ̀n, ọ̀pá ìjókòó sì ti dípẹtà mọ́ inú irin láti ìlú òyìnbó. Àwọn tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe máa ń da epo sí i, wọ́n á jẹ́ kó sùn níbẹ̀ kí wọ́n tó yí i. Iṣẹ́ kékeré ni, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ oníkẹ̀kẹ́ kò béèrè fún un rárá, wọ́n gbà pé bí wọ́n ṣe bá a náà ló ṣe gbọ́dọ̀ wà.

Kẹ̀kẹ́ dúdú ńlá àtijọ́, Raleigh ti Nottingham àti Phoenix ti Ṣáínà, ní ìṣòro tirẹ̀. Kò ní jíà tí a lè yí padà. Iye eyín tó wà lára irin roboto iwájú tí ṣéènì ń yí lé lórí sábà máa ń jẹ́ 46 tàbí 48, ti ẹ̀yìn máa ń wà láàrin 18 sí 20. Ìyẹn dára lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, ó sì burú lórí òkè. Kẹ́ẹ̀gì omi méjì tàbí àpò gàárì bọ́ sórí káríà ẹ̀yìn, ẹni náà wá dìde dúró lórí pẹ́dà kó tó lè gbéra. Agbára tó ń gba orúnkún kọjá nígbà yẹn pọ̀ ju ti ẹni tó ní jíà kékeré lọ lọ́nà tí kò ṣeé fi wéra. Àwọn bàbá wa máa ń sọ̀kalẹ̀, wọ́n á ti kẹ̀kẹ́ gun òkè. Àwọn ọ̀dọ́ ń rò pé ọ̀lẹ ló ń mú wọn ṣe bẹ́ẹ̀.

Báwo ni mo ṣe lè mọ̀ bí ìjókòó mi bá ga tó?

Ọ̀nà mẹ́ta ló wà, wọn kì í sì í fẹnu kò.

Èyí tó rọrùn jù ni ti gìgísẹ̀: ẹ jókòó, ẹ fi gìgísẹ̀ sórí pẹ́dà nígbà tí pẹ́dà bá wà nísàlẹ̀ pátápátá. Ẹsẹ̀ yẹ kó nà tán láìjẹ́ pé ìdí tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Tí ẹ bá wá gun kẹ̀kẹ́ gan-an, orí àtẹ́lẹsẹ̀, níbi tó sanra lẹ́yìn ọmọ ìka, ni kó wà lórí pẹ́dà, orúnkún á sì ká díẹ̀. Ẹni tó ń fi àárín àtẹ́lẹsẹ̀ tẹ pẹ́dà, bí ọ̀pọ̀ àwọn tó ń wọ sílípáàsì ṣe ń ṣe, ti yí ìṣirò náà padà láìmọ̀.

Ọ̀nà kejì ni ti Greg LeMond, ará Amẹ́ríkà tó gba Tour de France, ìdíje kẹ̀kẹ́ ńlá ti ilẹ̀ Faransé, lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ẹ dúró ti ògiri láìwọ bàtà, ẹ fi ìwé sáàrin itan títí dé òkè, ẹ wọn láti ibẹ̀ dé ilẹ̀, kí ẹ sì fi 0.883 sọ ọ́ di púpọ̀. Bó bá jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 80, àbájáde rẹ̀ ni 70.6. Ìyẹn ni yóò wà láàrin ojú ìjókòó àti àárín irin tí apá pẹ́dà ń yí lé lórí.

Ẹ̀kẹta ni ti àwọn físíò, ìyẹn àwọn tó ń fi ìdárayá tọ́jú iṣan àti oríkèé ní ilé ìwòsàn: wọ́n á wọn bí orúnkún ṣe ká nígbà tí pẹ́dà bá wà nísàlẹ̀, wọ́n sì máa ń fẹ́ kó wà láàrin dìgírì 25 sí 35. Ẹnì kan náà lè gba gíga mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ láti ọwọ́ ọ̀nà mẹ́ta yìí, nítorí gígùn itan àti ẹsẹ̀ kò dọ́gba lára gbogbo èèyàn. Àwọn onímọ̀ fúnra wọn ń jiyàn lórí èyí tó dára jù. Ohun tí wọ́n fẹnu kò lé lórí ni pé ìwọ̀nba díẹ̀díẹ̀ ni kí a máa fi gbé e sókè, kí a gùn ún fún ọjọ́ mélòó kan kí a tó tún fọwọ́ kàn án.

Tí mo bá tún ìjókòó ṣe, ṣé ó ti parí nìyẹn?

Ibí yìí ni ìjà gidi wà. Apá kan gbà pé ara kẹ̀kẹ́ ni ẹ̀bi wà: ẹ tò ó bá ara, ìrora á lọ. Apá kejì ní àwọn èèyàn ń gun kẹ̀kẹ́ tí kò bá wọn mu fún ogún ọdún láìsí ìrora, pé iṣẹ́ tó pọ̀ sí i lójijì ló ń fa wàhálà. Àgbẹ̀ tó ti ń gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ sóko láti kékeré kò ráhùn. Òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì tí kò gùn ún fún ọdún mẹ́wàá, tó wá dìde lọ́jọ́ kan láti gùn ún dé Ìlọrin, nǹkan bí àádọ́ta kìlómítà, ló ń tiro lọ́jọ́ kejì.

Àwọn kóòṣì máa ń sọ pé kí ẹnikẹ́ni má fi ju ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún kún ìrìn rẹ̀ lọ́sẹ̀. Òfin yìí gbajúmọ̀ ju ẹ̀rí tó gbé e dúró lọ. Lọ́dún 2008, àwọn olùwádìí ní Netherlands pín 532 èèyàn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ eré sísá sí ọ̀nà méjì, wọ́n jẹ́ kí apá kan máa fi díẹ̀díẹ̀ kún un, kí apá kejì tètè fi kún un. Iye tó fara pa ní apá méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Ti àwọn asáré ẹsẹ̀ nìyẹn, kì í ṣe ti oníkẹ̀kẹ́. Lójú tèmi, apá méjèèjì ló ní ẹ̀rí lọ́wọ́: ìjókòó tí kò dára máa ń dín iye tí orúnkún lè gbà kù, ìrìn tó pọ̀ lójijì sì ni yóò kọjá iye náà.

Ẹ̀yìn ńkọ́?

Gbogbo ariwo wà lórí orúnkún, ṣùgbọ́n láàrin àwọn tó ń fi ìje kẹ̀kẹ́ jẹun, ẹ̀yìn ló léwájú. Ìwádìí tí àwọn onímọ̀ ará Norway gbé jáde lọ́dún 2010 bá 109 nínú irú àwọn eléré bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀. Nínú ìpalára àlòjù 94 tí wọ́n kọ sílẹ̀, ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn kó ìdá 45 nínú ọgọ́rùn-ún, orúnkún kó ìdá 23. Títẹ̀ba fún wákàtí pípẹ́ ló ń rẹ iṣan ẹ̀yìn.

Ẹni tó jókòó ṣánṣán lórí kẹ̀kẹ́ dúdú kì í tẹ̀ba bẹ́ẹ̀. Tirẹ̀ ni pé gbogbo kòtò tí táyà bá bọ́ sí, ìdí rẹ̀ ló ń gbà á, á sì gba ibẹ̀ gun ẹ̀yìn. Ẹni tó bá mọ ọ̀nà àtijọ́ Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́, tí tírélà ti rún wómúwómú, kò nílò àlàyé. Kí a gbé ìdí kúrò lórí ìjókòó díẹ̀ kí a tó wọ kòtò, kí ẹsẹ̀ àti ọwọ́ tó ká díẹ̀ gbà á, ni àwọn tó mọ̀ ọ́n gùn ń ṣe.

Kí ló dé tí ọmọ ìka mi ń kú?

Iṣan ìmọ̀lára méjì gba ọrùn ọwọ́ kọjá sí àtẹ́lẹwọ́. Bó bá jẹ́ ìka tó kéré jù àti ìdajì èyí tó tẹ̀ lé e ló ń kú, iṣan tó wà lápá ìta àtẹ́lẹwọ́ ni ọwọ́ kẹ̀kẹ́ ń tẹ̀ mọ́lẹ̀. Bó bá jẹ́ àtàǹpàkò, ìka ìfábẹ̀lá àti ti àárín, iṣan tó gba àárín ọrùn ọwọ́ ni. Ọwọ́ kẹ̀kẹ́ tí rọ́bà rẹ̀ ti jẹ tán, ọ̀nà tó ń gbọ̀n kẹ̀kẹ́, àti ìjókòó tí imú rẹ̀ dojú kọlẹ̀ tó ń ti ara síwájú, ló ń fà á jù. Kí a máa yí ibi tí a di mú padà, kí imú ìjókòó sì tẹ́jú, ló sábà máa ń tó. Èyí tó bá wà níbẹ̀ títí di ọjọ́ kejì, tàbí tí ọwọ́ kò lè mú abẹ́rẹ́ tàbí bọ́tìnnì mọ́, ti kọjá ti àtúnṣe kẹ̀kẹ́.

Ṣé kẹ̀kẹ́ ń pa agbára ọkùnrin?

Èyí ni wọ́n ń fi ránṣẹ́ jù, àwọn ìyàwó náà ń fi í halẹ̀. Òótọ́ tó wà nínú rẹ̀ ni pé iṣan ìmọ̀lára kan àti òpó ẹ̀jẹ̀ gba àárín eegun ìdí méjèèjì lọ sí ojú ara. Ìjókòó tóóró tí imú rẹ̀ gbé sókè á tẹ̀ wọ́n mọ́lẹ̀, ibẹ̀ á kú. Ó ń ṣe obìnrin náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn kì í sábà dárúkọ rẹ̀.

Bóyá kíkú yìí ń di àìlágbára ni àwọn onímọ̀ kò tí ì gbà tán. Ìwádìí ní Massachusetts lọ́dún 2001 rí i pé ewu lè wà fún ẹni tó ń gun kẹ̀kẹ́ fún wákàtí mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́sẹ̀, kò sì rí i fún ẹni tí kò tó bẹ́ẹ̀. Lọ́dún 2014, ìwádìí lórí ọkùnrin 5,282 ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò rí ìsopọ̀ kankan láàrin wákàtí tí wọ́n ń lò lórí kẹ̀kẹ́ àti àìlágbára tàbí àìlèbímọ. Lọ́dún 2018, wọ́n fi oníkẹ̀kẹ́ 2,774 wé àwọn tó ń lúwẹ̀ẹ́ àti àwọn tó ń sáré: agbára wọn kò dín ju ti ìyókù lọ, ṣùgbọ́n ojú ara àwọn oníkẹ̀kẹ́ ń kú jù, àwọn tó sì ń dìde dúró lórí pẹ́dà fún ju ìdá ogún nínú ọgọ́rùn-ún àkókò náà lọ ni kò ṣe tó bẹ́ẹ̀. Àwọn ọlọ́pàá oníkẹ̀kẹ́ kan ní Amẹ́ríkà tí wọ́n fún ní ìjókòó tí kò nímú fún oṣù mẹ́fà rí i pé kíkú náà dín kù gidigidi. Àbọ̀ rẹ̀ jáde lọ́dún 2008.

Ṣé làkúrègbé kọ́? Ṣé kì í ṣe òtútù ọyẹ́?

Ó lè jẹ́ làkúrègbé. Ìyàtọ̀ kan tí dókítà máa ń béèrè nìyí: ìrora àlòjù ń tẹ̀ lé iṣẹ́. Ẹ gun kẹ̀kẹ́, ó dé. Ẹ sinmi fún ọ̀sẹ̀ kan, ó rọlẹ̀. Oríkèé tó bá ń le gan-gan láàárọ̀ fún ìgbà pípẹ́, tó ń wú láìjẹ́ pé ẹ ṣe nǹkan kan, tàbí tí ọ̀pọ̀ oríkèé ń dunni lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀nà mìíràn ni ti ìyẹn. Ní ti ọyẹ́, ara máa ń le nígbà òtútù, ìrora tó ti wà tẹ́lẹ̀ sì lè hàn jù, ṣùgbọ́n atẹ́gùn ọyẹ́ kì í wọ inú orúnkún lọ.

Yìnyín ni àbí omi gbígbóná? Àbóníkì ńkọ́?

Lọ́dún 1978, dókítà ará Amẹ́ríkà kan, Gabe Mirkin, gba gbogbo ayé nímọ̀ràn pé kí a sinmi, kí a fi yìnyín sí i, kí a dì í, kí a gbé e sókè. Òun fúnra rẹ̀ ló padà wá sọ lẹ́yìn náà pé yìnyín lè fa ìwòsàn sẹ́yìn. Yìnyín ń dín ìrora kù fún wákàtí mélòó kan, omi gbígbóná tí àwọn ìyá wa ń fi tọ́wẹ̀lì tẹ̀ ń tú iṣan tó le. Nínú méjèèjì, kò sí èyí tó ń yọ ohun tó fa ìpalára náà kúrò. Bẹ́ẹ̀ náà ni Àbóníkì àti òrí.

Oògùn tí a ń gbé mì ló yẹ kí a kíyè sí jù. Aspirin àti kaféènì ló wà nínú Alábùkún. Díkílò, oògùn apàrora mìíràn, sì wà ní gbogbo kẹ́míìsì. Wọ́n ń pa ìrora, ẹni náà á sì tún gùn ún lórí ohun tó ti ń ya. Lílò wọn lójoojúmọ́ lè dá egbò sínú ikùn, ó sì léwu fún kíndìnrín. Àwọn teguntegun náà wà, wọ́n sì ní àwọn tó gbà wọ́n gbọ́. Ohun tí àwọn físíò ń takò ni fífi agbára fa orúnkún tàbí rírin okùn iṣan tó ti wú. Wọ́n fẹ́ràn ìdárayá tó ń fún itan àti ìdí lágbára díẹ̀díẹ̀, èyí tó ń gba ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí méjìlá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Pípẹ́ rẹ̀ yìí ló ń lé ọ̀pọ̀ èèyàn padà sí kẹ́míìsì.

Ṣé kí n dá kẹ̀kẹ́ dúró pátápátá?

Tẹ́lẹ̀, ìsinmi pátápátá ni wọ́n máa ń pa láṣẹ. Báyìí, ọ̀pọ̀ físíò ń sọ pé kí a dín in kù ni: kí ọ̀nà kúrú, kí ẹrù fúyẹ́, kí a sọ̀kalẹ̀ lórí òkè, kí ìrora má sì ju ìwọ̀nba lọ nígbà tí a ń gùn ún, kó sì ti rọlẹ̀ kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́. Bó bá tún ń pọ̀ sí i lẹ́yìn èyí, ẹ lọ rí wọn. Físíò wà ní ilé ìwòsàn ìkọ́ni ti LAUTECH àti ti Bowen, èyí tó ti ọ̀dọ̀ àwọn Onítẹ̀bọmi wá láti ọdún 1907.

Ẹ má dúró rárá bí orúnkún bá wú lójijì tó sì gbóná pẹ̀lú ibà, bó bá há tí kò ṣeé nà, bí ẹ̀yìn ẹsẹ̀ kan ṣoṣo bá wú tó ń dunni, tàbí bí ìrora ẹ̀yìn bá mú ẹsẹ̀ di aláìlágbára, tí ìtọ̀ tàbí ìgbẹ́ kò sì ṣeé dá dúró mọ́. Ti ìgbẹ̀yìn yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọjọ́ kejì. Ọjọ́ náà gan-an ni kí wọ́n gbé onítọ̀hún dé ilé ìwòsàn.